Fìlà Bàbá Rẹ́ǹtì

Lórí tábìlì Múkáílà, ní kọ̀rọ̀ Láfíàjí,
òkúta mẹ́rin ló ń tẹ ìwé ìròyìn mọ́lẹ̀
kí atẹ́gùn ọ̀sà má gbé ìjọba lọ.
Owó epo gòkè, mínísítà ṣubú,
a ò kọ́kọ́ wo ìyẹn.
Ẹ̀yìn ìwé la ti ń ṣí i,
bí ẹni tó ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé,
níbi tí Bàbá Rẹ́ǹtì ń gbé nínú àpótí mẹ́rin,
ikùn níwájú, fìlà lápá òsì.

Èmi lọmọ iṣẹ́ Múkáílà nígbà náà.
Iṣẹ́ mi ni kí n máa pariwo pé,
"Ẹ rà á o, ẹ má kàn kà á!"
Ta ló gbọ́?

Ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan wà tí mi ò lè gbàgbé.
Àpótí kìíní: Bàbá Rẹ́ǹtì ń kanlẹ̀kùn ní ìdájí.
Ìkejì: ayálégbé ti kó sínú àgbá omi, ó fa ọmọrí dé.
Ìkẹta: Bàbá tẹ fóònù, àgbá ń dún.
Ìkẹrin: ó tẹ́tí, ó fa rísíìtì yọ,
"Àgbá tó ní fóònù kì í ṣe àgbá mọ́.
Ayálégbé ni. Kí òun náà máa san tirẹ̀."

Lámídì akọ̀wé kóòtù ti rẹ́rìn-ín kó tó dé àpótí kejì,
ẹ̀rín àwìn,
ó ní ohun tó pani lẹ́rìn-ín á bá òun lọ́nà.
Ṣẹ̀ẹ́gílọlá télọ̀ kò rẹ́rìn-ín rárá.
"Omi inú àgbá ńkọ́? Ṣé fóònù ò ní bàjẹ́ ni?"
A ṣàlàyé, a ṣàlàyé,
títí ẹ̀rín fi tán lẹ́nu àwa alálàyé.
Ọjọ́ kejì, ó ń bọ̀ lókèèrè, ó di ikùn mú,
"Àgbá! Ẹ̀yin èèyàn, àgbá!"

Nọ́ọ̀sì Ìbídùn fi sísọ́ọ̀sì gé tirẹ̀,
ó kì í bọ àpò, ó di wọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là níkùn.
Bàbá kan bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀: "Gbé e kúrò, ọmọ mi,
okùn ojú ọgbẹ́ mi ń já."
Síbẹ̀, abẹ́ ìrọ̀rí ló fi í sí sùn.

Ìgbà náà ni Alàgbà Ṣówándé yọ.
Onílé yàrá mọ́kàndínlógún, ilé ìyàgbẹ́ kan.
Ikùn ló kọ́kọ́ yọ ní kọ̀rọ̀,
fìlà tẹ̀ lé e, ó dà sósì.
Gbogbo ẹnu pa dé.
Ẹnìkan wúkọ́ tí kì í ṣe ikọ́.
Ó kà á. Ó tún un kà. Kò sanwó.
"Èmi nìyí," ó ní. "Ta ló tà mí fún wọn?"

Ó gun Afárá Èkó lọ bá wọn ní Ìgànmú,
ó ní lọ́yà òun ń bọ̀ lẹ́yìn.
Ohun tó bá níbẹ̀, ó pẹ́ kó tó lè sọ ọ́:
ọmọbìnrin tín-ín-rín kan, ìka rẹ̀ dúdú fún tàdáwà,
tó wò ó láti òkè délẹ̀, tójú rẹ̀ sì rọ̀.
"Bàbá mi ni mò ń yà, sà. Ṣómólú nilé wa.
Ó ti pé ọdún mẹ́ta tó ti lọ.
Mi ò tíì lè jẹ́ kó sinmi owó ilé gbígbà."
Ó ní òun á yí fìlà náà, kó má bàa jọ ọ́ mọ́.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, fìlà wà lápá ọ̀tún.
A rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ń tiro.
Ṣówándé dé, ó na bébà sí oòrùn
bí ẹni tó ń yẹ ayédèrú owó wò.
"Ta ló yí fìlà mi?"
Kò sẹ́ni tó fèsì.
"Múkáílà, mo ní ta ló yí fìlà mi?"
Ó tọwọ́ bàpò (àwa tá a rí i kò ju márùn-ún lọ),
ó sanwó ìwé, kò dúró gba ṣénjì,
ó yá bírò lọ́wọ́ Lámídì,
ó tẹ Bàbá Rẹ́ǹtì mọ́ ògiri,
ó sì yà á padà sósì fúnra rẹ̀.