Ẹ̀wù Tí Kì Í Ṣe Tèmi

Oṣù Kejìlá ni mo dé Winnipeg,
pẹ̀lú kóòtù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí télọ̀ Ìkirè rán fún mi,
èyí tí mo fi ń ka Bíbélì sétí ìjọ nílé,
kóòtù tó mọ pẹpẹ, tí kò mọ yìnyín.
Ilẹ̀kùn pápá ọkọ̀ òfurufú ṣí,
atẹ́gùn gbá mi létí bí olùkọ́ ìjọ́sí.
Omijé tó bọ́ lójú mi kò dé àgbọ̀n.

Obìnrin kúkúrú kan dúró ti bọ́ọ̀sì ògbólógbòó,
okùn ló fi so ilẹ̀kùn rẹ̀ kan.
Kò tíì kí mi kú ewu ọ̀nà
tó fi wo èjìká mi, tó ní, "Ìwọ á wọ ti Tekle."
Ó ṣí búùtù:
ẹ̀wù òtútù bíi mẹ́jọ tò lérí ara wọn
bí aláìsàn tó ń retí dókítà.

Tèmi pọ́n bí obì tó ti gbẹ.
Síìpù rẹ̀ a máa há níbi ìdodo.
Lọ́rùn rẹ̀, nínú, wọ́n fi bírò kọ orúkọ:
Tekle. Oksana. Fìjàbí.
Tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì kan wà nínú àpò, ẹnìkan ò tíì lò ó.
"Kì í ṣe tìrẹ o," ni Màmá Abọ́lárìn wí, ojú rẹ̀ ń bẹ lọ́nà.
"O kàn máa bá a rìn díẹ̀ ni."

Gbọ̀ngàn eré ìdárayá ilé-ìwé kan ni ìjọ wa ń lò,
àwọ̀n bọ́ọ̀lù rọ̀ sókè orí pásítọ̀.
Iwájú ni mo ń jókòó sí, mo ń họ ọ̀fun,
mo ń retí kí wọ́n ní, "Bùrọ̀dá Ládépò, ẹ wá kà fún wa."
Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kà á nílé.
Kò sẹ́ni tó pè mí.
Màmá kì í sí níjokòó nígbà ìwàásù,
ó ti lọ gbé bàbá kan tí kíndìnrín ń dà láàmú.
Mo ní, "Màmá, ẹ ò kí í gbọ́ ọ̀rọ̀ ni?"
Ó ní, "Mo máa ń bá ìparí.
Ìparí ló sábà máa ń dùn."

Nígbà tó di òtútù kejì,
mo ti ń fọ ilẹ̀ ọsibítù lóru, owó ń wọlé.
Mo ra ẹ̀wù tuntun,
mo fi ti àkọ́kọ́ kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Mo ní bóyá síìpù tuntun á já.
Mo ní bóyá àlejò á dé.
Irọ́ ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ni.
Èmi tí mo ti ka ọ̀rọ̀ ẹ̀wù méjì láìmọye ìgbà,
tí wọ́n ní ohùn mi dùn níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ.

Ọmọkùnrin kan wà ní ibùdókọ̀ Sargent ní ìdájí,
ìbọ̀sẹ̀ nínú sálúbàtà, ó ń jó láìsí ìlù.
Mo kọjá lára rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.
Mo kọjá lára rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.
Ní Ọjọ́rú, mo gbé ẹ̀wù náà dání.
Kò gbọ́ èdè mi, n kò gbọ́ tirẹ̀.
Síìpù há níbi ìdodo,
a jọ fà á, a jọ bú sẹ́rìn-ín, èéfín ń jáde lẹ́nu wa.
N kò wàásù.
Òun ló fọwọ́ kan iwájú orí, àyà, èjìká méjèèjì.
Àṣé ó ti mọ Ẹni tó rán mi
kí èmi tó mọ̀ pé wọ́n rán mi.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo sọ fún Màmá.
"Ó pẹ́ lọ́wọ́ rẹ," ló fèsì,
ó ju kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí mi.
"Ènìyàn mẹ́rin ń bọ̀ láago mẹ́wàá. Wá tú okùn ilẹ̀kùn."

A padà dé pẹ̀lú wọn, yìnyín ń yọ́ lára bàtà wa.
Pásítọ̀ ti fẹ́ẹ̀ parí.
A jókòó sẹ́yìn pátápátá.
Lóòótọ́, ó dùn.