Lẹ́tà Inú Fírísà

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kanlẹ̀kùn Delphine Tackett
nígbà tí yìnyín bo gbogbo àdúgbò wọn ní Tòlídò.
Nígbà àkọ́kọ́, kọ́tìnnì mì, ẹnikẹ́ni ò dáhùn.
Nígbà kejì, ó fọhùn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn:
"Ohun yòówù tí o bá ń tà, mo ti ní in."
Mo ní, "Mi ò ta nǹkan kan, Màmá."
"Irọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá wọ bàtà dídán wá síbí,
nǹkan ló ń tà, tàbí kó fẹ́ ra ohun tí n kò tà."

Nígbà kẹta, bàtà òjò ọmọ mi ni mo wọ̀.
Mo kó yìnyín kúrò lórí àtẹ̀gùn kí n tó kanlẹ̀kùn rárá.
Ariwo ṣọ́bìrì ló mú un yọjú.
"Ta ló rán ọ?"
"Ìyàwó Kowalczyk, ilé kẹta sí tiyín.
Òun náà ti jókòó níwájú mi rí."

Ilé náà tutù. Ẹ̀wù òtútù ló wọ̀ ní pálọ̀, fìlà lórí;
owó gáàsì ló fi ń di ihò gbèsè.
Ọdún méjìlélógún ló fi wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé.
Lemuel ọkọ rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ kan àtẹ̀gùn yẹn,
kí kíndìnrín tó dá a dùbúlẹ̀,
kí owó ilé ìwòsàn tó jẹ owó ilé.

Mo ní, "Lẹ́tà báńkì ńkọ́?"
Ó wo ilẹ̀. Ó dìde. Ó ṣí fírísà.
Lábẹ́ ẹja dídì, lẹ́tà mọ́kàndínlógún,
kò sí èyí tó ṣí nínú wọn, gbogbo wọn gan bí igi.
"Mo rò pé ọ̀rọ̀ inú wọn á dì,
kò ní lè rìn dé ọ̀dọ̀ mi."
N kò rẹ́rìn-ín.
Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ìyá tèmi ń kó tirẹ̀ sí.
Ọjọ́ tí ṣẹ́ríìfù ń kó àga wa síta la tó rí wọn.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Báńkì ò wolé. Nọ́ńbà ló wò,
ó sì sọ obìnrin yìí ní Onígbèsè.
Láti ọdún tó kọjá, bí fóònù bá dún,
orúkọ náà ló ń gbọ́.

A tẹ́ lẹ́tà sórí tábìlì kí wọ́n yọ́.
Omi ń kán, a ń fi tówẹ̀lì nù ún.
Mo ń kà, ó ń di etí;
bí mo bá dúró, a ní kí n máa kà lọ.
Lẹ́tà kẹrìnlá ni mo ti rí i:
wọ́n ní kó wá bèèrè fún àdínkù owó oṣooṣù.
Láti oṣù kẹsàn-án ni àǹfààní yẹn ti dùbúlẹ̀ ti ẹja.
"Ìyẹn ti wà níbẹ̀?"
"Ó ti wà níbẹ̀."
Ó bú báńkì, ó bú Lemuel, ó bú ara rẹ̀,
ó bú èmi náà díẹ̀.
Lẹ́yìn náà ló gbé omi tíì kaná.

Mi ò ṣèlérí. Gbàǹjo ku ọjọ́ mọ́kànlá.
Mo pe báńkì; orin ni wọ́n fi dá wa dúró fún wákàtí kan,
kí ọmọkùnrin kan tó gbé e, tí ohùn rẹ̀ ò tíì gbó.
Mo ní, "Dúró, onílé fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀."
Delphine tún fìlà rẹ̀ ṣe, bí ẹni pé wọ́n ń wò ó.
"Èmi ni Delphine Tackett,"
ó sì pe nọ́ńbà ilé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan,
bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ.

Wọ́n sún gbàǹjo síwájú. Wọn ò tíì fèsì lórí fọ́ọ̀mù.
Lọ́jọ́ Sátidé, ó tẹ̀ lé mi lọ sí òpópónà kejì,
níwájú ilé kan tí kọ́tìnnì rẹ̀ ń mì.
Mo nawọ́ sí agogo ẹnu ọ̀nà.
Ó gbá ọwọ́ mi sílẹ̀.
"Ṣọ́bìrì ná," ló wí.