Bọ́nbọ́n Tó Ru Ẹ̀bi

Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fa oògùn sí mi lára,
iyán ni mo jẹ.
Iyán iṣu tuntun, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí,
irú tí mo fọwọ́ ara mi sè nínú rẹ̀.
Mo ní kí n yó dáadáa: láti Ṣábẹ dé Kútọnù jìn,
ẹni tó ń lọ sójú ogun kì í febi lọ.

Ta ló mọ̀ pé ikùn a máa kọ orúkọ sílẹ̀?
Oògùn pupa ń kán, tó, tó, tó, wọ iṣan mi,
ikùn wò yíká, ó ń wá ẹni tó ṣe é níkà:
iyán ló bá níbẹ̀.
Látọjọ́ náà, bí odó bá ti dún nílé kejì,
itọ́ a kún ẹnu mi, kì í ṣe itọ́ oúnjẹ.

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi se irú
lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin.
Àwọn ọmọdé a dimú, èmi a rẹ́rìn-ín:
“Owó lẹ̀ ń gbóòórùn un yẹn.”
Èmi ni mò ń dimú báyìí.
Bíàú gbé ìkòkò lọ sẹ́yìnkùlé Ìyá Wòrú,
kò sọ̀rọ̀, ó ń rọra rìn
bí ẹni ń sin àlejò jáde.
Lálẹ́ ó fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọ yàrá.
Mo ṣì ń gbọ́ ọ lára rẹ̀.
Mi ò sọ fún un.

Irin wà lẹ́nu mi.
Bàbá mi ṣiṣẹ́ lójú irin, nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń kọjá lọ Pàràkú.
Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí, mo fahọ́n lá irin náà
kí n lè mọ̀ bóyá ọkọ̀ ń bọ̀.
Kò sọ́kọ̀ mọ́. Koríko ti bo ọ̀nà.
Irin yẹn nìkan ló padà wá:
omi, irin;
ẹ̀kọ, irin;
kódà bí mo bá ń gbàdúrà, irin.

Bàkẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kó gbogbo ṣíbí ilé pamọ́.
Bíàú gbẹ́ ọ̀kan fún mi lára igi òrí,
ó wọ́, ó dà bí etí ewúrẹ́.
A kọ́ oúnjẹ tútù,
nítorí ohun tó bá tutù kì í pariwo:
wàrà Fúlàní tí a kò dín, ẹ̀kọ àná,
omi àjàgbọn kíkan.
Ọjọ́ mìíràn, ìyẹn náà kọ̀.
Mo ń wo àwo, àwo ń wò mí.

Ìgbà kẹta ni Nọ́ọ̀sì Filomẹ́nà tó là mí lóye:
“Ìyá, ẹ má jẹ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ràn lọ́jọ́ oògùn.
Ikùn ò mọ ọ̀daràn,
ẹni tó bá nítòsí ló ń mú.
Ẹ wá àjèjì kan sí i lẹ́nu.”

Ṣàbí ọmọ ọmọ mi fún mi ní bọ́nbọ́n,
aláwọ̀ ewé, tó ń ta bí afẹ́fẹ́ ọyẹ́,
irú èyí tí mi ò fẹ́ràn rí.
Mo lá a bí oògùn ti ń kán.
Má bínú, bọ́nbọ́n. Ìwọ ni mo tì síwájú.

Ikùn sì mú un.
Bí mo bá rí ike rẹ̀ lásán nílẹ̀, mo ń yà fún un.
Ṣùgbọ́n ẹ̀wà mi yè.
Ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi yè.
Ọsàn tí ìyá mi gbìn sẹ́nu ọ̀nà yè.

“Ìyá àgbà, ṣé bọ́nbọ́n mi dùn?”
“Ó ṣiṣẹ́, ọkọ mi.”

Lánàá odó tún dún nílé kejì.
Mo jókòó, mo ń ka á.
Ó dún lẹ́ẹ̀mẹsàn-án kí n tó ti fèrèsé.
Lóṣù tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹta péré.