Ìwé À-Ń-Wá-A

Ìlú mìíràn ń jẹ́ orúkọ odò,
òmíràn ń jẹ́ orúkọ òkè tí wọ́n sá gùn.
Tiwa ń jẹ́ orúkọ orí kan tí wọ́n gé:
Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́.
Ẹni tó bá bi wá pé, "Ọmọ ibo ni yín?"
ìròyìn ìṣọdẹ la fi ń dá a lóhùn.

Láyé àwọn baba wa, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń kà.
Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ síbi tí ìrì ti bọ́ lára koríko,
wọ́n á fọwọ́ kan eérú tí kò tíì tutù tán,
wọ́n á ní, "Kò tíì rìn jìnnà."
Oníbodè ń wo gìgísẹ̀ àlejò kó tó wo ojú rẹ̀.
Nígbà tó yá, òyìnbó ta wáyà dé,
orúkọ olè wá ń ṣáájú olè wọ̀lú.

Nígbà tèmi, lẹ́tà olójé ni.
Ọmọ iṣẹ́ ni mí nílé ìtẹ̀wé Ọ̀jẹ́dìran, ní Táàkíé,
lọ́dún tí ọ̀dá pa àgbàdo.
Sájẹ́ntì Látínwò gbé ìwé kan wá, ó ti rún:
À Ń WÁ A.
Àtàndá, tí wọ́n ń pè ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.
Ó dá àwọn oní-tábà lọ́nà lẹ́bàá odò Ọbà,
ó yìnbọn pa akọ̀wé wọn.
Kò sí fọ́tò. Ọ̀rọ̀ lásán la fi ya àwòrán rẹ̀:
tẹ́ẹ́rẹ́, dúdú, àbàjà mẹ́ta,
ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún gé ní oríkèé.
K kékeré tán lọ́wọ́ wa, mo fi K ńlá dí i.
Igba la tẹ̀. Ẹ̀kọ ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri;
ewúrẹ́ jẹ nǹkan bí ogójì.

Oṣù mẹ́rin kọjá. Òjò fọ ojú ọ̀rọ̀.
Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan, ọkùnrin kan wọlé,
ó ṣí fìlà, ó kí wa bí ọmọ tí a kọ́.
Káàdì ìsọmọlórúkọ ló fẹ́, ogún péré.
Ó fi ọwọ́ òsì ka owó.
Ta ní ń fi òsì sanwó fún àgbà?
Ọwọ́ ọ̀tún wà nínú àpò dàńṣíkí.
Mo ní, "Kí lorúkọ ọmọ?"
Ó rẹ́rìn-ín. Eyín rẹ̀ funfun; a ò kọ ìyẹn sínú ìwé.
"Abíọ́nà. Ojú ọ̀nà la bí i sí."
Orúkọ ọmọ mú un gbàgbé ara rẹ̀:
ó na ọwọ́ ọ̀tún sí àpótí lẹ́tà,
ó fẹ́ tọ́ka sí A,
kò sí ohun tí yóò fi tọ́ka.

"Ẹ padà wá lọ́jọ́bọ̀," ni mo wí.
Ohùn mi ò gbọ̀n.
Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù títí dòní.

Lọ́jọ́bọ̀, Látínwò jókòó sẹ́yìn aṣọ ìkélé,
ó ń jẹ ẹ̀pà.
Ìbọn kankan ò dún. Ọkùnrin náà ò sáré.
Ó kàn bèèrè pé, "Ṣé yíǹkì ẹ̀ ti gbẹ?"
Yíǹkì kan náà ni, ẹ̀rọ kan náà,
A kan náà tó ṣáájú À Ń WÁ A
ló ṣáájú Abíọ́nà.

Ọ̀gá mi gba àádọ́ta pọ́n-ùn, ó fún mi ní méje.
Mo fi ra kẹ̀kẹ́.
Akọ̀wé tábà yẹn bí ọmọ mẹ́ta;
mo máa ń rán ara mi létí.

Lónìí, ojú arúfin ń yọ lórí fóònù ọmọ-ọmọ mi
kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gbóná lọ́nà.
"Bàbá, ẹ wá wo owó tí wọ́n fi lé e lórí!"
Mo máa ń wo ọwọ́ kí n tó wo ojú.

Ogún káàdì la tẹ̀.
Mọ́kàndínlógún wà nínú àpótí mi.
Ọ̀kan tó kù, eyín funfun yẹn
ló fi gbé e wọ ọkọ̀ ọlọ́pàá,
nítorí wọ́n ti de ọwọ́ rẹ̀.