Rẹ́rìn-ín Kí N Rí I

Jókòó. Má tíì sọ pé kí n fà á le.
Àga yìí ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí
lẹ́nu ẹni tó jù ọ́ lọ, tó sì gbọ́n jù mí lọ.

Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n níbí náà ni,
lọ́dún tí ọyẹ́ mú débi pé
ètè àwọn ọmọ iléèwé ń ṣẹ̀jẹ̀ lójú ọ̀nà.
Oyèladùn, tíṣà oníṣirò, wọlé tòun ti wífọ́ọ̀nù nínú ọ̀rá,
ó gùn dé ìdí, ó dúdú bí ìdí ìkòkò.
Ó ní, “Ìbàdàn ni mò ń lọ, ọ̀rọ̀ ìgbéga ni.
Fà á. Fà á kó le. Mi ò fẹ́ kó tú títí Ọdún Àjíǹde.”

Mo fà á.
Mo di ìpìlẹ̀ rẹ̀ wẹ́wẹ́ bí ẹsẹ̀ èèrà,
mo kó irun ẹ̀bátí, irun tó fẹ́lẹ́ bí èémí,
mo fi òwú dúdú rán ẹrù tí kò lè rù mọ́ ọn lára.
Ojú rẹ̀ fà sẹ́yìn. Omijé dé, kò bọ́.
Ó wo dígí, ó ní, “Ó dáa.”
Èmi náà ní ó dáa. Mo gbowó.

Òru mẹ́ta gbáko ló fi dojú délẹ̀ sùn.
Kókó funfun wẹ́wẹ́ so létí irun.
Ara ń sọ̀rọ̀, a ní kó dákẹ́, oge ń lọ lọ́wọ́.
Oṣù mẹ́ta àti ọ̀sẹ̀ kan kó tó padà wá tú u.
Omi ò débẹ̀, òróró ò débẹ̀,
òógùn àti eruku Táákì ti di amọ̀ nísàlẹ̀.

Mo gé òwú. Mo fà á díẹ̀.
Òwú wá, irun tẹ̀lé e
bí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ òjò,
tòun ti gbòǹgbò.

Kò sọ̀rọ̀ burúkú kan.
Ó kàn na ìka sí ẹ̀bátí, níbi tó ń dán bí inú ṣíbí,
ó bi mí bí ẹni ń bi ọmọ kíláàsì rẹ̀:
“Ṣé yóò hù?”
Mo wolẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi pa rédíò.
Kò jẹ́ ká gbá irun náà dànù;
ó ká a sínú bébà, ó fi sí báàgì, ó lọ.

Nítorí náà, jókòó.
N ó fọ̀ ọ́ ná, n ó jẹ́ kó gbẹ dénú;
irun tútù tí a rán nǹkan bò, bíbu ló ń bu.
Òrí ni n ó fi pa ọ́ lórí,
díẹ̀, kì í ṣe bí ẹni ń din àkàrà.
N ó dì í nípọn bí okùn bàtà.
Àwọn tiwájú wọ̀nyí, n ò ní fọwọ́ kàn wọ́n,
ọmọdé ni wọ́n, wọn ò tíì tó ẹrù í rù.
Bí mo bá rán an dé ìdajì, n ó ní kí o rẹ́rìn-ín.
Bí iwájú orí rẹ kò bá hunjọ,
n ó tú u, n ò ní bu owó lé owó.

Lálẹ́, ìborùn sílíìkì ni kí o fi wé e.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà; bó pẹ́ jù, méje. Kí o padà wá.
Má fi abẹ tú u fúnra rẹ nígbà tí iná bá lọ:
òwú dúdú, irun dúdú, ta ló mọ̀yàtọ̀ lókùnkùn?
Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí orí sinmi. Lọ kó o lówùú.
Ilẹ̀ tí kò sinmi, iṣu rẹ̀ kì í ju ìka lọ.

Oyèladùn? Ó wá nígbà máńgòrò tó kọjá.
Ó ṣí ìborùn. Ẹ̀bátí ọ̀tún ti hù,
fúlẹ́fúlẹ́, bí irun ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.
Tòsì ṣì ń dán.
A jọ wò ó nínú dígí,
kò sẹ́ni tó sọ pé ó dáa.

Ó yá, gbé orí sókè díẹ̀.
Ṣé o ti jẹun?
Rẹ́rìn-ín kí n rí i.