Ìyẹ̀fun Lójú Kámẹ́rà

Èmi Adelino, búrẹ́dì ni mo mọ̀ ọ́n yan.
Ogójì ọdún ni mo fi ń jí ṣáájú àkùkọ ní Corvelos,
abúlé olókùúta lókè odò, níbi tí òtútù ti ń bá ènìyàn jẹun.
N kò mọ kámẹ́rà.
Ṣùgbọ́n Graciete, ọmọ àbúrò mi, fẹ́ ṣègbéyàwó,
owó ayàwòrán Bragança sì ju owó ẹran àsè lọ.
Ó ní, "Bàbá, ọwọ́ yín kì í gbọ̀n. Ẹ bá mi yà á.
Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ojú mi rọ̀."

Kí ojú rọ̀! Mo rò ó títí ilẹ̀ fi mọ́.
Ìyẹ̀fun ni mo mọ bí a ṣe ń mú un rọ̀:
omi díẹ̀, sùúrù púpọ̀, aṣọ tútù lórí ọpọ́n.
Ojú ènìyàn ńkọ́?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń ya àwòrán búrẹ́dì.
Mo gbé e síta lọ́sàn-án gangan:
oòrùn yọ ọ̀bẹ sí i, èèpo rẹ̀ di àpáta,
ihò ara rẹ̀ dúdú bí ojú kànga.
Mo gbé e sẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí àríwá:
ìmọ́lẹ̀ rọra fọwọ́ pa á lára.
Áà, ó yé mi. Kámẹ́rà kọ́ ló ń ṣojú rere síni.

Mo tú àpótí Deolinda, aya mi tó ti lọ.
Mo rí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ gígùn kan, ti ọjọ́ Àìkú,
ó fẹ́lẹ́ ju èèpo inú àlùbọ́sà lọ.
Mo ta á bo ojú kámẹ́rà, mo fi rọ́bà dè é.
Iná àbẹ́là wú bí ìyẹ̀fun tó ti ní ìwúkàrà.
Deolinda, má bínú,
mo tún ń yá nǹkan rẹ láìtọrọ.

Ọjọ́ pé. Ojú ọjọ́ kò bá wa rẹ́.
Oòrùn oṣù kẹjọ dúró lé wa lórí bí ẹni tó wá gba gbèsè.
Níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, òjìji imú bo ẹnu ìyàwó,
Evaristo ọkọ rẹ̀ dijú bí ọmọ ológbò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí.
Ìbọ̀sẹ̀ ṣe é tì;
aṣọ funfun náà ru bo gbogbo àwòrán bí wàrà tó hó dànù.
Mo kígbe, "Ẹ tẹ̀lé mi!"
Àwọn àlejò rò pé mo ti mutí.

Ilé búrẹ́dì mi, fèrèsé kan ṣoṣo.
Mo ti ilẹ̀kùn. Mo gbá àpò ìyẹ̀fun òfìfo mú, mo gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta.
Ìyẹ̀fun gbéra, kò sì sọ̀kalẹ̀,
ó dúró nínú ìmọ́lẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ.
Graciete wúkọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni mo ti yà á,
fèrèsé lẹ́yìn rẹ̀, etí rẹ̀ pọ́n bí èso,
àti àpá iná abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀
tó ti ń fọwọ́ bò láti ọmọ ọdún mẹ́fà.
Ẹnu ààrò mi yìí ló ti gbà á.
N kò pa á rẹ́. Ìmọ́lẹ̀ kàn gba orí rẹ̀ kọjá
bí ẹni tó mọ ilé náà tẹ́lẹ̀.

Ní Àìkú kejì a ta aṣọ ibùsùn mọ́ ògiri, a wò ó.
Zulmira, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún,
rí ara rẹ̀ lábẹ́ ìbọ̀sẹ̀: "Ta ni omidan yìí?"
A ní òun ni.
"Ẹ dá ojú mi padà!
Ìlà kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ní orúkọ ọmọ tó fà á."
A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Ṣùgbọ́n lápá òsì àwòrán, níbi gbogbo tí mo ti lo ìbọ̀sẹ̀,
fọ́nrán òwú kan tó já ń mì, tín-ín-rín.
N kò rí i lọ́jọ́ náà.
Evaristo béèrè bóyá a lè yọ ọ́ kúrò.
Mo ní rárá.
Àlejò ni. Ẹ jẹ́ kó jókòó.