Àgọ́ Nínú Ilé Àgbọn

Ṣégilọlá ló kọ́kọ́ rí i,
ọmọ ọdún méje tó ní kí a sùn sórí iyanrìn lóru kan péré
kí òun lè mọ̀ bóyá òkun máa ń sùn.
Ó ní, "Ojú ọ̀run ti di aró."
Bàbá rẹ̀ kò dáhùn. Akínlolú ń wakọ̀
bí ẹni tó ti sanwó fún oòrùn.

A ti kó gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn Pijó ìyá wa:
àgọ́ aláwọ̀ ewé tí a yá ní ṣọ́ọ̀ṣì,
sítóòfù, gààrí, ẹja sáwá gbígbẹ,
tọ́ọ̀ṣì kan tí kì í tàn àfi tí a bá gbá a létí.
Láti Àgbárá ni mo ti ń ka kòtò.
Ní Ìbéréko mo dákẹ́; kòtò ju ẹnu mi lọ.
Èmi àti àbúrò mi kò tíì jọ jókòó sínú ọkọ̀ yìí
láti ọjọ́ tí a ti sin ẹni tó ni ín.

Ní etí ọ̀sà Àgbádárìgì
Hunpe ti fa ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ gòkè,
ó ti da ojú rẹ̀ délẹ̀ bí ìkòkò àná.
Ó ń so okùn. Kò wo ojú wa.
"Ẹ wo akàn."
Akàn ń sá gun òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́,
bí ayálégbé tó gbọ́ ohùn onílé.
"Àwọn tó ń gbébẹ̀ ń kó jáde; ẹ̀yin àlejò ń wọlé."
Akínlolú ní a ti sanwó ibùsùn ní Gbẹ̀rẹ̀fú.
Hunpe ní òkun kì í gba rìsíìtì.

Afẹ́fẹ́ ṣí fìlà àbúrò mi, ó sọ ọ́ sínú ọ̀sà.
Fìlà náà léfòó díẹ̀, ó rò ó, ó rì.
A yí orí ọkọ̀ padà.

Ṣùgbọ́n igi àgbọn kan ti dùbúlẹ̀ sórí títì,
kò jẹ́ kí a relé.
A yà sí ọ̀nà Àjárá, ọ̀nà tí kò sí nínú ètò ẹnikẹ́ni,
wáípà ń nu gíláàsì, òjò ń dá a padà,
títí a fi rí àtùpà kan
àti obìnrin tó ń fọwọ́ pè wá bí ẹni ń da adìẹ wọlé.

Sẹnami ni. Ó fi Ògù kí wa, ó fi Yorùbá bá wa wí:
ta ní í gbé ọmọ lọ wo ìjì?
Ó ṣí ilé tó ń kó àgbọn sí fún wa,
òórùn òróró, èéfín, eku.
"Ibí la ó sùn," mo wí.
"Nínú àgọ́," Ṣégilọlá wí.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe pàgọ́ sínú ilé.
Sìmẹ́ńtì kọ̀, kò gba èèkàn;
a fi àgbọn mẹ́rin tẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.
Páànù ń hó lókè bí epo gbígbóná.
Akínlolú sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn:
"Kọ́kọ́rọ́ wà nínú bàtà mi. Láàárọ̀, ìwọ ni kí o wà á."
Ọdún mẹ́ta la ti fi kọ́kọ́rọ́ yẹn yodì.
Mo ní mo gbọ́. N kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Àgbọn kan yí kúrò ní igun rẹ̀,
ó wá gbá mi lẹ́sẹ̀, jẹ́jẹ́.

Ilẹ̀ mọ́, Hunpe gun ọ̀kadà dé:
àbúrò Sẹnami ni, a kò mọ̀.
Ó ní ìjì náà kò dé Gbẹ̀rẹ̀fú rárá.
Ó bọ̀ dé ìdajì omi, ó yà, ó kọjú sí Àjárá.
Ibi tí à bá sùn, iyanrìn ibẹ̀ gbẹ,
ipasẹ̀ akàn ṣì wà lórí rẹ̀.
"Akàn náà a máa ṣìṣe," ó wí, ó ń wo ilẹ̀.
Sẹnami rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó,
òrùlé ilé ìdáná rẹ̀ lórí máńgòrò aládùúgbò.

Ṣégilọlá ní, "Òkun ńkọ́? Ṣé ó sùn?"
Kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ kó wò ó.
Mo yí kọ́kọ́rọ́.
Pijó ìyá wa wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbà.